Eyín Tí Mo Rọ fún Màmá

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀bá Ọgbà Valence,
Dagenham, Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìhín. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara wa le. Ọmọ́lẹ́wà ìyàwó mi ní kí n kí yín.

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ nígbà tí ẹ pè lọ́jọ́ Àìkú. Fóònù kò bàjẹ́. Ẹkún ni kò jẹ́ kí n lè dáhùn.

Oṣù márùn-ún tí ẹ kò gbé ìpè mi, mo rò pé mo ṣẹ̀ yín ni. Àfi ìgbà tí Bọ́ládé àbúrò mi tú àṣírí: “Bọ̀ọ̀dá, eyín iwájú Màmá ti bọ́. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ń súfèé jáde. Wọn ò lè pe Jésùfẹ́mi já gaara mọ́. Ojú ń tì wọ́n.”

Èmi gan-an ni ojú tì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń rọ eyín fún àwọn ará Barking níhìn-ín. Mo ń fi tánganran bo eyín tó kán. Mo ń rọ èyí tí dókítà ń dè mọ́ irin nínú egungun àgbọ̀n. Ti ìyá mi ń bọ́, n kò mọ̀.

Ni mo bá bẹ Dókítà Ramlat, oníṣègùn eyín ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó fi ohun rírọ̀ tẹ òdiwọ̀n ẹnu yín, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó dé, mo po simẹ́ńtì funfun sínú rẹ̀. Ó gan, mo ṣí i, ẹnu yín sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Màmá, mo jókòó. Àlàfo mẹ́sàn-án ni mo fi ìka kà. Ọ̀kan lẹ́yìn lápá òsì, èmi ni mo sìn yín lọ yọ ọ́. Mẹ́jọ yòókù, ẹ̀yìn mi ni wọ́n bọ́.

Abdulrahman ọ̀gá mi ní, “Lọ sinmi, màá bá ẹ parí ẹ̀.” Mo kọ̀. Ike tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni mo fi ṣe èrìgì rẹ̀. Eyín tó wà nílẹ̀ funfun jù. Mo wá èyí tó jọ ti ẹni tó ti run orín fún àádọ́rin ọdún. Alàgbà Sylvanus ní ìjọ wa ló bá mi gbé e wá fún yín nígbà tó ń bọ̀ wálé.

Bí ẹ ṣe fi eyín náà pe orúkọ mi já gaara lọ́jọ́ Àìkú, ńṣe ló dà bíi pé ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo yíjú wò. Ọkọ̀ aládùúgbò nìkan ni mo rí. Ọdún méjìlá tí mo ti kúrò nílé ti tó, Màmá. Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá di oṣù Kejìlá, ilé yá.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa. Ohun tí ẹ bá bù sẹ́nu, kí ó máa dùn mọ́ yín.

Èmi ni àkọ́bí yín,
Jésùfẹ́mi.

Àfikún: Omi tútù ni kí ẹ máa rẹ eyín náà sí; omi gbígbóná á jẹ́ kó wọ́. Bí ó bá sì ń gún yín lérìgì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì irin ha á. Ẹ yọ ọ́ kalẹ̀ dè mí. Ọwọ́ ara mi ni n ó fi tún un ṣe.