Ẹ̀kọ́ Ìrora Tí Mo Fẹ́ Kọ́ Ọ̀gá Mi

                                        Ojúlé 9, Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀dùn,
                                        Ìgándò, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Yẹ́misí mi, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé eyín ti hù lẹ́nu Hope, àbí èrìgì ló ṣì fi ń jẹ bisikíìtì? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O mọ̀ pé àwa mẹ́fà là ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn wa. Ọ̀la ni n ó kọ́ àwọn yòókù pé ká má gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ apàrora líle kan ṣoṣo mọ́, ká máa fi oògùn kéékèèké mìíràn tì í lẹ́yìn kí ìrora tó jí. Ọ̀gá Stephen tó kọ́ mi níṣẹ́ wà lára wọn. Nígbà tó gbọ́, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Ràbí, ẹni tí wọ́n là níkùn, ṣé kò yẹ kó dùn ún ni?" Mo ní kó dúró de ìwé mi. Mo ti lo oògùn náà fún ogún aláìsàn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé kò dun méjìdínlógún mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Àfi ní àná tí Zulaihat, ọ̀kan lára ogún náà, aránṣọ kan láti Àgbàdo tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, padà wá kí wọ́n wo ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Mo ní ṣebí kò dùn ún rárá. Ó wò mí. "Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò lè yíra padà o." Mo ní Alhamdulillah ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ẹ kí mi ni jàre. Ẹ ní ṣé ara le, ṣé kí n wá ní kò le ni?"

Bí mo ṣe bi gbogbo wọn nìyẹn, Yẹ́misí! Èmi ọmọ Yorùbá ni mi ò rántí pé ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ pàápàá, "a dúpẹ́" ló ń wí. Bí mo bá ka ìwé yìí lọ́la, irọ́ ni. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọn á da ẹ̀kọ́ náà nù, àwọn aláìsàn á sì máa jẹ̀rora lọ.

Láàárọ̀ yìí, mo mú ìwé náà tọ Ọ̀gá Stephen lọ, mo sọ ohun tí Zulaihat wí fún un, mo ti múra sílẹ̀ fún yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí èmi náà ṣe ń bi wọ́n láti ọdún méjìlélógún nìyẹn." Ó ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kí n fi ti Zulaihat bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀la. Òun á jókòó síwájú, òun á mú bírò dání.

Síbẹ̀, fi àdúrà rántí mi, kí o sì bá mi kí bàbá Hope.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́,
Ràbíátù.