Bí Wọ́n Ṣe Gbé Ọ́fíìsì Oníná Lọ sí Àgọ́ Palace

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Òkè-Afá, Ìsọlọ̀,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Keje, 2025.

Mùktárù, ọ̀rẹ́ mi tí kì í fèsì lẹ́tà,

Kí n tó kí ọ rárá, gbọ́ èyí ná: èmi Adéyanjú ni mo pa àwọn aláṣẹ ìjọba lẹ́nu mọ́ ní Ìsọlọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo gbọ̀ngàn ló dìde fún mi. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo gbọ̀ngàn. Àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni, àwọn kan nínú wọn sì ti dìde tẹ́lẹ̀ nítorí ooru.

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìsẹ́yìn? Ìyá Ameenat ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fara da ìwọ àti ìhanrun rẹ? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ara tèmi le. Bí mo bá ní kò le, inú rẹ á dùn, nítorí náà ó le.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ àwọn tó ń ta iná mànàmáná fún wa, kí wọ́n má baà máa rẹ́ wa jẹ. Àjọ yìí fẹ́ ṣí ọ́fíìsì lágbègbè wa, níbi tí èèyàn á ti máa fẹjọ́ sùn, wọ́n sì ní kí aráàlú wá sọ ibi tó yẹ. Ta ló nílò rẹ̀ tó wa? Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tiransifọ́mà wa ti jóná, ẹnikẹ́ni ò wá wò ó. Bàṣírátù, opó tó ń ta ẹja tútù níwájú ilé mi, ẹja ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé aṣọ ló ń kó sínú fírísà báyìí. Àdúgbò wá rán mi pé kí n lọ gbẹnu sọ fún wọn, torí ẹnu mi mú. Bàṣírátù fúnra rẹ̀ ti ìsọ̀ pa, ó tẹ̀ lé mi lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèpàdé.

Mùktárù, àwọn tó fẹ́ ṣọ́ iná gbé jẹnẹrétọ̀ wá láti ilé! Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúfọlákẹ́, bàtà rẹ̀ ga, kò lè rìn nínú rẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Babáfẹ́mi, ní àwọn ti yẹ ibi mélòó kan wò. Ó ní ariwo pọ̀ jù ní Bọ́ládé. Ní Àgọ́ Palace, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Òkè-Afá ńkọ́? Ó ní iná kì í sí níbẹ̀, òṣìṣẹ́ àwọn ò ní lè ṣiṣẹ́. Ojú ò tì í! Ọ̀gá rẹ̀ sáré ní kí agbẹnusọ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ibi tó fẹ́, kí a wá nawọ́ sókè láti yan ọ̀kan.

Nígbà tó kàn mí, mo gba máìkì. Mo ní, "Babáfẹ́mi ọmọ mi, dókítà tó ní òun ò lè wọ ọsibítù torí pé aláìsàn wà níbẹ̀, kí ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é?" Ẹ̀rín sọ. Mo ní táì ọrùn rẹ̀ gùn ju wáyà iná àdúgbò wa lọ. Mo fi jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, mo fi bàtà ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́. Babáfẹ́mi gan-an ń fọwọ́ bo ẹnu. Mo tẹríba, mo jókòó. Lẹ́yìn mi ni Felicia, agbẹnusọ àwọn ará Àgọ́ Palace, onílé kan tí ojú rẹ̀ le bí àkàrà àná, dìde, ó ní, "Àgọ́ Palace, ẹ jọ̀wọ́," ó tún jókòó. Mo fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn?

Àgọ́ Palace ni wọ́n mú. Mo ti ń sọ ọ́ káàkiri pé wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó pè wá.

Bá mi kí Ìyá Ameenat, kí o sì kí Teslim àtàwọn ọmọ rẹ̀. Má ka ìyókù lẹ́tà yìí sí wọn létí.

Nígbà tí Olúfọlákẹ́ ka àwọn ibi tí a dárúkọ, Bọ́ládé àti Àgọ́ Palace nìkan ló kà. Bàṣírátù fà mí láṣọ, ó ní, "Bàbá, tiwa dà?" Mo dìde. Olúfọlákẹ́ ní, "Bàbá, ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, a sì gbádùn yín." Kò parọ́. Wọ́n rán mi kí n lọ dárúkọ Òkè-Afá, n ò dárúkọ rẹ̀. Mo ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo gbàgbé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Adéyanjú.