Ebè Kan Ṣẹ́kù, Bàbá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín láti etí oko, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn.

A ti wa iṣu yín, ó ku ebè kan. Ẹgbẹ̀jìlá ebè ó lé ọgọ́fà náà ni, iye tí ẹ máa ń kọ lọ́dọọdún, tí ẹ kì í fi ẹyọ kan lé, tí ẹ kì í yọ ẹyọ kan kúrò. Bí iṣu bá gbó, ẹ ó pín ebè fún àwa ọmọ lọ́gbọọgba. Nígbà tí a jẹ́ mẹ́fà, okòó lé nírinwó ló kàn mí. Nígbà tí wọ́n bí ìkeje, ó di òjìdínnírinwó, mo sì ń bá ìkókó yan odì nítorí pé ó jẹ ebè mi. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín.

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti wá jókòó ti iye yẹn. Bí ọmọ bá jẹ́ méjì, bí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, títí dé mẹ́wàá, yóò pín geere. Mo wá iye mìíràn tó kéré jù ú lọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò rí. Ta ló fi hàn yín? Mo ní n óò bi yín bí mo bá wálé fún ìsinmi. Ìsìnkú yín ni mo wálé fún.

Àwa mẹ́wàá lẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín kékeré ti lóyún, ó sì bí ọkùnrin nígbà tí iṣu kù díẹ̀ kó gbó. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ò fẹ́ ká ka ọmọ náà mọ́ wa, torí ẹ ò fojú kàn án. Inú bí mi gan-an. Ọmọ tí kò rí bàbá, ṣé a ó tún fi iṣu dù ú ni? Mo bá a jà títí ó fi gbà.

A pín in sí ọ̀nà mọ́kànlá. Igba ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ebè kan sì ṣẹ́kù. Iye yín kò ṣẹ́kù rí, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi tún un kà, èmi náà tún un kà, ẹyọ kan náà ni. Ló bá jókòó sílẹ̀ láàárín oko, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀? Ebè náà ṣì wà nítòsí igi tí ẹ máa ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ewé rẹ̀ ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú wa. Gbogbo wa ti mú tiwa, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú tiyín.

Èmi ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín.