Ohùn Ikúmápàyí Kò Kú ní Bàrígà

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ṣọlápé,
Abúlé Òkúta, Bàrígà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ẹ̀bìbí, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àfihàn,
Ẹgbẹ́ Àwọn Olùṣe Ẹ̀rọ Orin,
Palmgrove,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

MO TA KO ÌPINNU YÍN PÉ KÍ A YỌ ORÚKỌ IKÚMÁPÀYÍ KÚRÒ LÁRA SÍPÍKÀ WA

Èmi ni Sabina Ikúmápàyí, tí mò ń darí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣe sípíkà ní Abúlé Òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi, olóògbé Raphael, ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ mi nípa iṣẹ́ iná mànàmáná ni a ti jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí tó fi ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé, kọ̀wé sí mi pé a kò gbọdọ̀ lo orúkọ Ikúmápàyí mọ́ nínú àfihàn yín, nítorí pé ohùn tí àwọn ènìyàn fi mọ sípíkà náà ti bá Raphael lọ. Ohun tí mo wá fèsì sí nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí àwa oníṣẹ́ yìí ti ń jiyàn. Àwọn kan ní sípíkà tó dára kò gbọdọ̀ ní ohùn tirẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ṣe gba orin sílẹ̀ ni kó gbé e jáde. Àwọn mìíràn ní ilé-iṣẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan lókè òkun ló ní ohùn tirẹ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi dá a mọ̀ kó tó rí orúkọ tí wọ́n kọ sára sípíkà náà. Ẹ̀yin gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbà pé ohùn ilé-iṣẹ́ òkè òkun lè wà lẹ́yìn ikú ẹni tó dá a sílẹ̀. Nígbà tó kan Bàrígà, ẹ ní ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo ni.

Kì í ṣe ohùn Raphael rí. Ohùn ìyá wa ni. Ìlàjẹ ni wá. Etí ọ̀sà ni màmá wa ti ń yan ẹja, wọ́n sì máa ń kọrin sí i. Ohùn wọn kì í le, síbẹ̀ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lórí omi ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin náà. Raphael gba orin náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láyé. Orin yẹn ni a fi ń dán gbogbo sípíkà wò. Èyí tó bá mú kí ohùn wọn gba imú jáde, tàbí kó jìnnà bíi ti ẹni tó wà nínú kànga, a ó tú u, a ó tún un tò. Nígbà tó yá tí etí òsì Raphael kò gbọ́ dáadáa mọ́, èmi ni mo ń sọ bóyá sípíkà lè jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ bi Sabina."

Kí ìwé yín tó dé, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbọ́ sípíkà wa kí ẹ tó dájọ́, ẹ sì gbà. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Arábìnrin Rebecca Oyèbísí, tó ń darí akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Akọ́kà, gbé sípíkà méjì tí Raphael dá ṣe fún wọn nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn yín. Èmi gbé méjì tí mo dá ṣe lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ wá. Ẹ kó gbogbo wọn sẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ sì ní kí Ẹnjiníà Adéníjì, ọmọ ìgbìmọ̀ yín tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Raphael, gbọ́ orin obìnrin kan náà láti ara wọn ní méjì méjì, kí wọ́n sì sọ èyí tó jẹ́ ti Raphael.

Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ méjì. Nígbà tí méjì kejì ń kọ, wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ẹ tún ìyẹn kọ," ni wọ́n wí. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Raphael nìyí. Bó ṣe máa ń mú ohùn obìnrin súnmọ́ ènìyàn nìyẹn."

Ẹ fa kọ́tìnnì. Tèmi ni.

Mo rò pé inú máa bí Ẹnjiníà, ṣùgbọ́n wọ́n dìde, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ, mi ò sì ní yí i padà. Sabina, o kú iṣẹ́." Láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi, n kò sunkún níwájú ènìyàn, àfi ọjọ́ náà.

Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé wá ní ìdánwò náà kò kà mọ́, nítorí Ẹnjiníà ti ṣì í gbọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ṣé ìyẹn tọ́? Ká ní ti Raphael ni wọ́n mú ni, ẹ ó ní ohùn náà ti lọ. Tèmi ni wọ́n mú, ẹ ní etí ló tàn wọ́n. Kí ni ǹ bá ṣe tí ẹ ó fi gbà?

Ohùn náà kò sì ní dúró lórí èmi nìkan. Mojíbọ́lá, gbẹ́nàgbẹ́nà wa, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, kò sì bá màmá wa láyé. Láìpẹ́ yìí, mo ti fẹ́ kí sípíkà kan jáde nígbà tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Màmá kì í kọ ọ́ báyìí o." Mo tún un gbọ́. Òótọ́ ló sọ. A tú u.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ fagi lé ìpinnu yín, kí ẹ sì kọ ohun tí Ẹnjiníà Adéníjì sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Iṣẹ́ kò ní dúró bí ẹ bá kọ̀. Orúkọ bàbá mi ni n ó ṣì máa lẹ̀ mọ́ sípíkà wa. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ máa tà á ní ìta ẹnu ọ̀nà àfihàn yín bí ẹni tó jí nǹkan. Inú gbọ̀ngàn, láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ààyè rẹ̀ wà.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dópin.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Sabina Ikúmápàyí,
Olùdarí àti Olùṣe Sípíkà Ikúmápàyí.