Àwọn Tó Ń Dáhùn ní Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Dúpẹ́,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdánìkanwà lábà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Àbíjáàn níbí. Ẹ bá mi kí Dúpẹ́ ọmọ yín àti ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrà, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Fìdítì. Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn torí pé ẹ máa ń pa fóònù bí mo bá ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Bí gbogbo Àfijìó bá rí i, ẹnì kan á kà á sí yín létí.

Ara mi le. Òjò ibí kì í dá, ṣùgbọ́n táyà ń tà. Èmi tí mi ò ka ìwé mẹ́ta tán, tí mo fi páńpù ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá títì, tírélà ló ń já táyà fún mi báyìí. Àwọn tó kàwé ló ń bá mi kọ̀wé. Èmi ń pè é, wọ́n ń kọ ọ́.

Bí wọ́n bá bi mí níbí pé níbo ni mo ti wá, mo máa ń ya Àfijìó sórí ilẹ̀ fún wọn. Títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ gba àárín, oko ẹ̀gẹ́ lápá kan, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lápá kejì. Mo máa ń sọ fún wọn pé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú ni wọ́n ṣà jọ tó di Àfijìó: Awẹ́ ní tiẹ̀, Fìdítì ní tiẹ̀, Ìlọrà, Jọ́bẹ̀lẹ̀, Ìmíní náà, àti èyí tó kù. Abà tiwa, lẹ́yìn odò níbi tí ọ̀kadà ti ń kọ̀ láti lọ mọ́, kò ní lẹ́tà kankan níbẹ̀. Kò dùn mí rí. Èrò pọ̀ nígbà yẹn. Kéèyàn tó dé odò, ìkíni á ti gbẹ ọ̀fun rẹ̀.

Nígbà tí mo wálé lọ́dún tó kọjá, mo gbé mọ́tò ńlá wá. Kò sẹ́ni tó jáde wá wò ó. Igi ti hù nínú yàrá Bàbá Kàfíńtà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀yin tọ́ kò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà láì kí onílé, kódà bí onílé ti kú. Mo kí wọn lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Kàfíńtà pé ẹ kú ilé o. Ohùn kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé kú àbọ̀, Olóríkunkun. Ẹ̀yin àti Bàbá Kàfíńtà nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin rèé, ẹ ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú korobá lórí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ló ní kí n kí wọn bí mi ò bá fẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ẹ ní àbí Faransé ti jẹ mí lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Dúpẹ́ sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ kan tí ìjọba rán wá béèrè iye èèyàn tó wà lábà. Nílé wa, wọn kì í ka èèyàn. Ẹ ò sọ iye kankan. Ẹ mú wọn dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní Bàbá Kàfíńtà lọ sóko, ó ń bọ̀. Ẹ ní Ìyá Eléèlùbọ́ lọ sóko, ó ń bọ̀. Ẹ dé ilé tí mo kọ́, ẹ ní èmi náà lọ sóko, mò ń bọ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí ẹ dárúkọ, èmi nìkan ló wà láàyè.

Èmi kì í ṣe ojo, gbogbo ọjà mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, eruku pupa ilẹ̀ abà wa máa ń wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo bá jí, bẹ́ẹ̀ iyanrìn funfun ni ilẹ̀ ibí. Mo ń fọ̀ ọ́, ó ń padà. Ìyàwó mi ti lọ, ẹ mọ̀. Bí mo bá wọlé tí mo kí àwọn ọmọ pé ẹ kú ilé, wọn kì í gbójú kúrò lórí fóònù.

Mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ kó lọ bá Dúpẹ́ ní Ìlọrà, kí ẹ má dá wà láàárín ilé òfìfo. Ẹ ní bí ẹ bá kúrò, ta ni yóò máa sọ pé wọ́n ń bọ̀.

Torí náà, mò ń bọ̀. Bí òjò bá ti dá, màá fa ṣọ́ọ̀bù lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Mi ò ní gbé mọ́tò wọ abà. Màá fẹsẹ̀ rìn láti odò, màá dúró lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu abà, màá ní ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn kí àwọn yẹn tó dáhùn.

Kí Ọlọ́run dá yín sí dè mí, kí ẹsẹ̀ yín má yọ̀ lọ́nà odò. Ẹ kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tó wà lóko.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Olóríkunkun.