Àtàǹpàkò Katakata

Ọjọ́ Ajé, 28 Épírì 2025

Ìwé tí wọ́n pín níbi yìgì wa ni mò ń kọ èyí sí. Mẹ́fà ló ṣẹ́ kù. Orúkọ wa méjèèjì wà lára èèpo ẹ̀yìn – mo máa ń fi ọwọ́ bo ti ọkọ mi. Ojú ń tì mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Ní ilé wa ní Ìlọrin, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, mi ò sì tíì bímọ tí mo lè fi pè é. "Ẹ gbọ́" ni mò ń pè é nínú ilé. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní "ó". Mo tún sọ ọ́ lórúkọ kan: Àtàǹpàkò.

Ìdí ni pé katakata kékeré ló ń wà, èyí tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó fi ń bu yẹ̀pẹ̀, irin kan wà tó ń pa dé mọ́ ọn, bí àtàǹpàkò ṣe ń pa dé mọ́ ìka. Òun ni wọ́n fi ń di nǹkan mú. Ọjọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Kò tètè fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ tuntun dé: ọgbà Hàjíyà ní Bosso, ní Minna níbí, ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó mú ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kí omi lè ṣàn kúrò, kí òjò tó le. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Ọ̀gá Oyèdìran, tó ni katakata, máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún òun nìkan. Tó bá dáa, ọwọ́ rẹ̀ ni katakata máa wà títí ẹ̀ẹ̀rùn. Tí kò bá dáa, wọ́n á gbé e padà fún Àlàbá tó ń wà á tẹ́lẹ̀, òun á sì padà sídìí ṣọ́bìrì. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Épírì

Mo gbé oúnjẹ lọ bá a. Ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ẹnu géètì ni mo dúró sí, ọkùnrin mẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Mo rí bó ṣe ń ṣe é. Eyín katakata máa ń ha ilẹ̀ bí adìẹ ni, kò lè mú un tẹ́jú. Ó wá fi àtàǹpàkò di irin gbọọrọ kan mú ní ìbú, ó gbé e kalẹ̀, ó ń fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ibi tó ga, irin gé e. Ibi tó jin, yẹ̀pẹ̀ lọ kún un. Gẹ́lẹ́ bí oníràìsì ṣe ń fi ọ̀pá gé orí mudù! Mo fẹ́ sọ fún un. Ìtìjú lé mi padà sílé.

Ọjọ́rú, 30 Épírì

Hàjíyà wá! Wọ́n ń ti Tunga bọ̀, kẹ̀kẹ́ dúró dè wọ́n níta. Wọ́n fi fóònù hàn mí: wọ́n ti pe Àtàǹpàkò títí, kò lọ. Èmi nìkan ni wọ́n bá nílé. Hausa tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. "Amarya" – ìyẹn mo gbọ́, ìyàwó tuntun. "Ruwa" – omi. Lẹ́yìn náà, "bayan gida".

Hausa àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ní Minna nìyẹn! Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọ Kpakungu, àdúgbò wa níbí, mò ń fi ẹsẹ̀ pa ẹsẹ̀, ìtìjú ò jẹ́ kí n bèèrè. Màmá Tasneem tó múlé gbè wá ló sọ ọ́ sí mi létí: "Ìyàwó, tí ìtọ̀ bá ti ń gbọ̀n ẹ́, bayan gida ni kó o sọ. Wọ́n á fi ṣaláńgá hàn ẹ́."

"Kin gane?" Hàjíyà ń bi mí bóyá ó yé mi. Mo wolẹ̀, mo ní éè.

Nígbà tí Àtàǹpàkò dé, mo sọ fún un: Hàjíyà ní kí omi òjò máa gba ọ̀dọ̀ ṣaláńgá.

Àlàmísì, 1 Méè

Ó ní ó ya òun lẹ́nu díẹ̀, nítorí iwájú lẹ́bàá géètì ni ṣaláńgá wà, ṣùgbọ́n ẹni tó nilé ló mọ ibi tó fẹ́ kí omi gbà.

Jímọ̀, 2 Méè

Ó ní mo jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo jó nídìí ìkòkò.

Àbámẹ́ta, 3 Méè

Èmi àti Màmá Tasneem ń fọ aṣọ. Tasneem ń wá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kiri. Ìyá rẹ̀ pariwo: "Duba bayan gida!" Mo ní háà, bọ́ọ̀lù já sí ṣaláńgá? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sínú omi ọṣẹ.

"Ìyàwó! Ẹ̀yìnkùlé ni mo ní kó lọ wò. Bayan – ẹ̀yìn. Gida – ilé. Ìtìjú ni wọ́n fi ń pe ṣaláńgá bẹ́ẹ̀, wallahi."

Kò wo ojú mi. Ẹ̀yìn ilé. Àtàǹpàkò sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé gọ́tà ńlá wà lẹ́yìn ilé Hàjíyà. Omi òjò á ya wọ ṣaláńgá, ṣaláńgá á kún, á tú sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnu mi ló fà á.

Àìkú, 4 Méè

Mi ò tíì sọ. Ó ń jẹun, ó ń fi ṣíbí tẹ́ ìrẹsì inú abọ́, ó ń fi bí ilẹ̀ ṣe dagun sọ́dọ̀ ṣaláńgá hàn mí. Ọ̀túnla ni Ọ̀gá máa wá wò ó. Òjò ṣú bo Kpakungu, kò rọ̀. Bí mo bá dákẹ́, òjò á sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 5 Méè

Mo lọ bá a ní Bosso.

Ariwo katakata. Mo ní "Ẹ gbọ́ o!" Àwọn oníṣọ́bìrì wẹ̀yìn, òun kò wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn, John, ní, "Màdáámù, ta lẹ̀ ń pè?" Kí ni n bá sọ? Irin ṣì ń fa yẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ ṣì ń dagun sọ́dọ̀ ṣaláńgá. Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi:

"ÀTÀǸPÀKÒ!"

Ó pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ wo àtàǹpàkò katakata – ó rò pé irin ló fẹ́ já bọ́. Ó gbá a, ó yí i ká. Kò rí nǹkan kan. Ó gbójú sókè.

"Hafsoh? Kí ló ṣe àtàǹpàkò?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

John ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mo wolẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní báwo gan-an ni Hàjíyà ṣe sọ ọ́. Mo ní bayan gida. "Ìwọ lo wá sọ ọ́ di ṣaláńgá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé á bínú. Ó ní, "Èmi tí wọ́n bí sí Minna, tí ó yà lẹ́nu, mi ò bèèrè lọ́wọ́ onílé. Àwa méjèèjì la jẹ̀bi." Ó pe Hàjíyà. Ẹ̀yìn ilé ni lóòótọ́.

Ó gun orí katakata padà. Ó ní kí n dúró, kí n máa wo orí irin fún òun, kí n na ọwọ́ tí apá kan bá ga jù. Mo na ọwọ́. Níwájú ọkùnrin mẹ́ta! Títí di aago márùn-ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Méè

Ọ̀gá Oyèdìran da garawa omi méjì sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Omi rò ó wò díẹ̀, ó kọrí sẹ́yìn ilé. Ọ̀gá ní òjò lòun máa gbà gbọ́.

Àlàmísì, 8 Méè

Òjò láti àárọ̀. Mi ò lè jẹun. Lẹ́yìn ìrun àyìlà, Hàjíyà pè, Àtàǹpàkò gbé fóònù sí mi létí.

"Amarya! Ruwa ya bi bayan gida. Kin gane?"

Omi gba ẹ̀yìn ilé. Mo ní "Na gane", ó yé mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò purọ́.

Kò pẹ́, Ọ̀gá pè. Ohùn rẹ̀ kún yàrá: "Àtàǹpàkò! Kọ́kọ́rọ́ katakata wà lọ́wọ́ ẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn." John ti ròyìn. Àtàǹpàkò ni gbogbo wọn ń pè é báyìí. Òun náà ń pe èmi ní Ìyàwó Bayan Gida, mo fi ṣíbí lù ú.

Orúkọ ìkọ̀kọ̀ mi ti di ti gbogbo ayé. Mo ní láti wá òmíràn fún inú ìwé yìí, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ lẹ́nu mi. Mo yí ìwé sẹ́yìn. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí orúkọ rẹ̀ lára èèpo.

Muneer.