Ìdí Tí Wọ́n Fi Yí Ojú Yín sí Ògiri

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń gbé ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìgò àdín yẹn wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, níbi tí ojú mi ti lè tó o.

Ẹ mọ ìgò náà. Òun ni Ìyá Délé, ìyàwó tí ẹ fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá mi, fi ń pa ara fún yín láti ìgbà tí ẹ ti já bọ́ lórí igi obì tí ẹsẹ̀ yín kò sì gbé yín mọ́. Ọjọ́ tí egbò ìdí yín ya, àdín yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa ibẹ̀. Mo wò ó fúnra mi láàárọ̀: awọ kò bó, ó kàn dúdú bí ojú ibi tí ènìyàn fi gbá nǹkan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ihò ti là níbẹ̀, mo sì rí egungun nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ló lè jẹ ẹran ara ènìyàn báyẹn lọ́jọ́ kan? Nígbà tí egbò náà gba ẹ̀mí yín, Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ní májèlé ni. Mo gbé ìgò náà pamọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọ̀ ọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mo ń fura sí nígbà tí ẹ ṣì wà láyé. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ti lọ sóko, Ìyá Délé á gbé yín kúrò lórí àga, wọ́n á fi yín dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á kọ ojú yín sí ògiri. Ta ní ń kọ ojú àgbà sí ògiri, kí àlejò wá bá ẹ̀yìn rẹ̀? Bọ̀ọ̀dá ti pàṣẹ pé orí àga ìrókò yín ni kí ẹ máa wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú fìlà lórí, kí àwọn tó ń wá kí yín má baà sọ pé ilé wa ti wó. Ẹ máa ń yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó tún fa yín sókè. Ẹ ó máa rẹ́rìn-ín sí wọn, ẹ ó sì fi awẹ́ obì kan pamọ́ sábẹ́ itan fún mi.

Ní wọ́ọ̀dù wa, dẹ́rẹ́bà lọ́rì kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Awọ ìdí rẹ̀ kò ya, ó dúdú ni. Mo fọwọ́ kàn án: abẹ́ rẹ̀ gbóná, ó le bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n. Sísítà tó ń kọ́ wa ra ẹran tó ní awọ àti egungun ní Ọjà Ọba, ó da egungun rẹ̀ sókè, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Nígbà tó là á, ẹran ẹ̀gbẹ́ egungun ti rún. Awọ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ bí pọ̀nmọ́ ṣe yi tó. Ó ní bí ìwúwo bá jókòó ti ẹran ara, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ mọ́. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Á le gbagidi, á sì ti ìwúwo náà sára èyí tó wà nítòsí rẹ̀. Awọ ló máa ń gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ihò yẹn ti wà nínú yín kí àdín tó kàn yín, Bàbá.

Sísítà wá ní kí n yí dẹ́rẹ́bà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìdí rẹ̀ lè sinmi. Mo yí i. Ògiri ló kọjú sí. Ọwọ́ mi dúró sára rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá wá kí mi lọ́jọ́ ọjà, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Nọ́ọ̀sì tí kò tíì gba fìlà! Ẹran ọjà lo fẹ́ fi kọ́ wa nípa bàbá wa?”

Wọ́n ní kí n gbé ìgò náà wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Mísà, pé ẹbí máa jókòó, Ìyá Délé àti ọmọ rẹ̀ yóò sì kó ẹrù wọn jáde nílé. Mo béèrè àga yín. Wọn kò wojú mi. Wọ́n ní ikán ti jẹ ẹ́, àwọn ti sun ún. Ikán wo ló ń jẹ ìrókò, Bàbá? Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rọra béèrè ẹni tí mo tún ti sọ ọ̀rọ̀ ẹran náà fún. Ohùn tí wọ́n fi béèrè ni kò kúrò létí mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àdín yẹn pa ìgbọ̀nwọ́ mi. Awọ mi ń dán, ó sì ń rùn bíi yàrá yín. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Délé ni màá jókòó sí. Màá ṣí ìgò náà lójú gbogbo wọn, màá fi pa ara mi, lẹ́yìn náà màá tún béèrè àga.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò rí ìdí rẹ̀. Mo bi Ìyá Délé léèrè ìdí tí wọ́n fi ń dúró kí Bọ̀ọ̀dá jáde kí wọ́n tó yí yín. Wọ́n kàn ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Bàbá yín ní kí n má sọ.”

Ṣé ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí yín, Bàbá? Ṣé nítorí kí inú ọmọ yín ọkùnrin má baà bàjẹ́ lẹ ṣe ń padà sórí àga yẹn, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín?

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń wá awẹ́ obì tirẹ̀ lábẹ́ itan yín.